Máṣíìnì Mẹ́ta Tí Ọkọ Wọ́gi Lé

Ọdún mọ́kànlélógún ni aránṣọ náà fi ránṣọ kí òun àti ọkọ rẹ̀ tó fi owó àjọdá ra fúláàtì oníyàrá méjì nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá kan. Ṣùgbọ́n ọkọ nìkan ni àwọn aládùúgbò ń pè ní Onílé, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni jẹ oyè.

Òṣìṣẹ́ adójútòfò wá bá wọn. Ó là á yé wọn pé bí wọ́n bá ń san owó díẹ̀ lóṣooṣù, tí iná tàbí omi bá ba nǹkan jẹ́, ilé iṣẹ́ òun ni yóò san án.

"Ẹgbẹ́ àwọn onílé ti sanwó lórí ògiri àti òrùlé. Ẹrù inú ilé ló kù sí yín lọ́wọ́. Èyí tí ẹ bá kọ sílẹ̀ nìkan la mọ̀."

Aránṣọ kọ tiwọn kún ojú ìwé kan. Máṣíìnì rẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣíwájú. Onílé gba bírò.

"Àlòkù irin yìí náà lo kọ síbẹ̀?"

"Olówó orí mi, omi kì í bèèrè ọjọ́ orí irin."

"Omi wo? Ẹnu ẹ nìkan lomi tí kì í dá nínú ilé yìí."

Òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Onílé wọ́gi lé máṣíìnì kìíní, ó wọ́gi lé ìkejì, ó wọ́gi lé ìkẹta. Ó fi tẹlifíṣọ̀n àti àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé, ó ní owó oṣooṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ṣeé gbọ́ létí. Aránṣọ ní òun á san ti máṣíìnì fúnra òun. Ọkọ ní obìnrin tó bá ń ka owó lójú àlejò, ilé ọkọ ti sú u nìyẹn.

Ní oṣù kẹrin lẹ́yìn náà, páìpù bẹ́ ní fúláàtì òkè wọn lọ́sàn-án gangan, kò sì sẹ́ni nílé. Àjà ya lu máṣíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Omi parí ìyókù.

Wọ́n san owó àga, wọ́n san ti tẹlifíṣọ̀n.

"Máṣíìnì mi ńkọ́?"

Òṣìṣẹ́ tẹ́ ìwé síwájú rẹ̀. "Wọ́n wà níbí, Mà. Ẹ ti wọ́gi lé wọn ni."

"Ṣé èmi ni mo ránṣẹ́ pe omi?" ni Onílé wí. Aláwọ ni àga tó rà lọ́tẹ̀ yìí.

Lọ́jọ́ Ajé, aránṣọ lọ tọrọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́. Ìyẹn dìde fún un, ó pè é ní Ọ̀gá mi, ó sì gbé agolo bọ́tìnnì lé e lọ́wọ́.

"Ẹ máa bá wa rán ìwọ̀nyí mọ́ aṣọ ná, Ọ̀gá mi. Àwọn ọmọdé ló ń jókòó sídìí máṣíìnì níbí."

Aránṣọ wá ojú abẹ́rẹ́ títí, kò rí i. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọdé náà bá a ki òwú bọ̀ ọ́.