Ọjọ́ tí Mo Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Bíṣọ́ọ̀bù

Òórùn ọ̀dà funfun ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọjọ́ náà. Wọ́n ti fi ọ̀dà kun gbogbo òkúta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà láti ẹnu géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kun ìdí àwọn igi obì, ewúrẹ́ kan náà sì rí tirẹ̀ gbà, nítorí pé ó lọ fara nu igi kí ọ̀dà tó gbẹ. Ìjọ Àgùdà ló ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, lẹ́yìn Agége, lójú ọ̀nà Ìkẹjà. Àwọn tí yóò di tíṣà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn ará Ìbàdàn ti ní yunifásítì tiwọn, àwa náà ti ń pe kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní yunifásítì. Ẹni tó bá ní kì í ṣe yunifásítì, a ó ní kó dúró dìgbà tí ọ̀gá àgbà tuntun bá dé.

Tíṣà ni mí nígbà náà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ. Mo máa ń ya irun mi sí méjì, mo sì ń fi ìpara ra á títí yóò fi máa dán bíi bàtà sọ́jà. Mo gbà tọkàntọkàn pé láti Oko Ọba dé Àgídìngbì, kò sẹ́ni tó gbọ́ òyìnbó tó mi. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà nílé oníbúrẹ́dì àdúgbò wa. Bí ẹni inú ẹ̀rọ bá ti sọ̀rọ̀, èmi náà á sọ ọ́ tẹ̀ lé e, láti imú. Oníbúrẹ́dì a ní, "Tíṣà, ṣé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe yín ni?" Nítorí náà, nígbà tí katikíìsì ìjọ wa sọ fún mi pé èmi ni n ó ṣe ògbufọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ọ̀gá àgbà sípò, kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ó pẹ́ kí wọ́n tó wá pè mí.

Mo ní ìdí mìíràn tí mo fi fẹ́ iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin kan wà tó ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin wa. Ọ̀dọ̀ àwọn Sísítà ló ti kàwé, ibẹ̀ ló sì ti di Àgùdà. Àwa méjèèjì ti fẹnu kò láti fẹ́ ara wa, bàbá rẹ̀ ni kò tíì dáhùn. Mùsùlùmí ni Bàbá, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, àwọn gan-an ló sì fún ìjọ ní ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì sí. Nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Wọ́n ní o gbọ́ òyìnbó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo gbọ́ ọ dáadáa."

"Ọmọ mi ò lè máa fi òyìnbó jẹ ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n n ó wá síbi ayẹyẹ yẹn. Mi ò gbọ́ òyìnbó o, àmọ́ mo mọ ojú ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe."

Gbogbo wa la mọ̀ pé òyìnbó ni ọ̀gá àgbà tuntun yóò jẹ́, nítorí òyìnbó ni gbogbo àwọn tó ti jẹ ẹ́ ṣáájú. Mo ti kọ́ bí n ó ṣe bẹ̀rẹ̀ sórí. Nígbà tí ọkọ̀ dé lọ́jọ́ náà, Bíṣọ́ọ̀bù bọ́ọ́lẹ̀, òyìnbó. Fada méjì bọ́ọ́lẹ̀, òyìnbó. Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin kúkúrú kan tó dúdú bíi tiwa sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé awakọ̀ ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé awakọ̀ ṣì wà ní ìjókòó rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù fà á lọ́wọ́ wá síwájú. Òun ni ọ̀gá àgbà! Ìyá arúgbó kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Ọmọ wa ni!" Ariwo bá sọ. Àfẹ́sọ́nà mi, nínú ìyàlẹ́nu, dá orin ní ohùn tó ga débi pé ńṣe ni àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ń gun orin náà bí ẹni ń gun ọ̀pẹ.

Bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì lé ọ̀gá àgbà tuntun lọ́wọ́. Fada ni òun náà, ó sì dìde. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbé àyà síwájú.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi," ni Fada wí, ní Yorùbá tó dá ṣáká.

Ohun tí mo ti kọ́ sórí bá yọ lẹ́nu mi: "Fada ní kí n kí yín pé ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn òun."

"A ti gbọ́!" ni gbogbo wọn fi dá mi lóhùn.

Fada rẹ́rìn-ín músẹ́. "Tíṣà, àwọn wọ̀nyí ti gbọ́. Bíṣọ́ọ̀bù ni kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ bá mi túmọ̀ fún wọn."

 Láti òyìnbó sí Yorùbá ni mo ti múra sílẹ̀ fún. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀nà náà ní àbọ̀. Fada ní, "Èmi ni dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sípò yìí. Àwọn àgbà sì ní, ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ ńbẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà kí èmi jẹ díẹ̀."

Mo kọjú sí Bíṣọ́ọ̀bù. Mo fi òyìnbó imú sọ fún un pé àwọn èèyàn fẹ́ fọ́ àgbọn mọ́ Fada lórí, Fada sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún òun jẹ nínú rẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù na ọrùn, ó ń fi ojú wá ẹni tó mú àgbọn dání. Ọ̀kan nínú àwọn Fada òyìnbó fi ọwọ́ bo orí ara rẹ̀. Fada wa, tó ti kàwé dé òkè òkun, rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, ó sì sọ ohun tí mo wí fún àwùjọ. Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé òrùlé àtíbàbà fẹ́ wó. Ó ṣe mí bíi kí n gba ojú irin kí n máa rìn lọ sí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n mo rí Bàbá ní ìlà iwájú. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

Mo dúró. Mo ní, "Fada, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa òwe mọ́."

"Mo ti ṣíwọ́, Tíṣà."

Láti ìgbà náà, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kéékèèké, èmi náà ń túmọ̀ kéékèèké, láti ẹnu, kì í ṣe láti imú. Ó ní ọmọ ẹnikẹ́ni ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yóò gbà, ì báà lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà lọ mọ́sálásí. Ó wá ní kí ẹni tó fún wọn ní ilẹ̀ dìde.

Bàbá dìde. "Mi ò fún yín nílẹ̀ kí ẹ lè sọ mí di Àgùdà. Nítorí kí àwọn ọmọ wa lè mọ̀wé ni." Mo túmọ̀ rẹ̀. "Ọmọ mi obìnrin wà nínú àwọn tó ń kọrin yẹn." Mo túmọ̀ rẹ̀. "Tíṣà yìí ló ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ."

Mo yíjú sí Fada.

"Túmọ̀ rẹ̀," ni Bàbá wí. "Kí àwọn òyìnbó náà gbọ́."

Mo sọ ọ́, ní òyìnbó tó kéré jù tí mo mọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan. Ó di dandan kí n kọjú sí bàbá àfẹ́sọ́nà mi níwájú gbogbo Agége.

"Bàbá, Bíṣọ́ọ̀bù ní èsì wo lẹ fún mi?"

Wọ́n gbé fìlà wọn gẹ̀, wọn ò yára. "Ẹni tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò sá, ó lè dúró ti obìnrin. Sọ fún wọn pé mo gbà." N kò tíì la ẹnu tí àwọn akọrin fi bú sórin.

Ọdún ti gorí ọdún. Bàbá ti lọ sọ́run, Fada náà ti lọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, èmi àti ìyàwó mi lọ sí yunifásítì Àgùdà tí ọmọ-ọmọ wa ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀gá àgbà tuntun sípò. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá náà. Òyìnbó ni ó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dùn, kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Ìyàwó mi rọra fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi.

"Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Èmi náà gbọ́ ọ. Àwọn ìyá tó wà lẹ́yìn wa ńkọ́?"

Mo bojú wẹ̀yìn. Wọ́n múra dáadáa, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, bí àwọn ará iwájú bá pàtẹ́wọ́, àwọn náà a pàtẹ́wọ́. Ó wù mí kí ẹnìkan dìde túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, kódà bó bá tilẹ̀ máa ṣì í túmọ̀.