Ilà Ojú Àlàájì

Ìgbà kan wà tí mo gbà pé kò sí fọ́tò tó wúwo tí mi ò lè dín kù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ nígbà náà ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìkòkò ìdáná ní Oregun. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán mi wò, ó sì ku ọjọ́ márùn-ún kó pé. Èmi ni mo ṣe ìkànnì tí àwọn alágbàtà yóò máa gbà ra ìkòkò lórí fóònù wọn. Mo kó fọ́tò ńláńlá sí i, ìkòkò ń dán, ìdérí ń dán, mo sì ń fi í yangàn kiri ọ́fíìsì, láìmọ̀ pé orí kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló ti ń ṣí.

Àwọn alágbàtà ò rí ìkòkò kankan. Òrùka kékeré kan tó ń yí láàárín fóònù ni wọ́n ń rí. Màmá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tajà ló wá bá mi.

"Ọmọ Èkìtì, oníbàárà mi kan l'Ógbómọ̀ṣọ́ ní òun kírun Alásárì, òun kírun Màgáríbì, ìkànnì rẹ ṣì ń yí. Gbogbo dátà rẹ̀ ló tán síbẹ̀. Tí kò bá ṣí kó tó di Jímọ̀, Àlàájì á ní kó o máa lọ sílé o."

Mo kojú àwọn fọ́tò, torí wíwúwo wọn ni kò jẹ́ kí ìkànnì ṣí. Bíi gbágùúdá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ni fọ́tò rí nínú iṣẹ́ wa: omi pọ̀ nínú rẹ̀ tí èèyàn lè fún dànù, tí ẹni tó máa jẹ gaàrí ò sì ní mọ̀. Fọ́tò Àlàájì, tó ni ilé iṣẹ́, ló wúwo jù, òun ló sì wà níwájú pátápátá. Mo fún un, mo tún un fún. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n etí mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ìkànnì ti ṣí. Mo ra mííìtì-páì méjì, mo sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti fi jọ̀gá.

Mi ò tíì jẹ ìkejì tán tí fóònù Màmá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún láìdáwọ́ dúró. Bébà kékeré kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ìkòkò wa. Ojú Àlàájì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilà gọ̀ǹbọ́ tó kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bámúbámú. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú kì í lè ya ilà náà, gbogbo alágbàtà ló sì mọ̀ pé ìkòkò tí ojú tó wà lára rẹ̀ ò bá nílà, kí wọ́n má rà á. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀. Fífún tí mo fún fọ́tò ti pa gbogbo ilà náà rẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àlàájì wá ń dán bíi ti ọmọ tuntun. Màmá fi ohùn oníbàárà kan sí mi létí: "Ẹ má rà ńbẹ̀ o! Gbájúẹ̀ ni wọ́n! Èyí ò tiẹ̀ jọ Àlàájì!"

Àlàájì ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n gbé fóònù sún mọ́ ojú, wọ́n gbé e jìnnà.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi kọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. "Ìyá mi ní ọjọ́ méje ni mo fi sunkún nítorí ilà yìí, àwọn náà ń bá mi sunkún. Ìka kan ṣoṣo ni ìwọ fi nù ún nù?"

Ojú tì mí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ògidì fọ́tò náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ níṣojú wọn. Wọ́n yọ fìlà, wọ́n fi awò sójú, wọ́n fi ìka kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n fi òmíràn sójú fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilà.

"Fi kún un. Ó ku méjì lápá òsì. Fi kún un. Ẹ̀n-ẹ́n! Èmi nìyẹn."

Màmá ṣí i lórí fóònù tiwọn, kò sì pẹ́ tó fi ṣí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn alágbàtà ti ń ra ìkòkò. Àlàájì ní kí n tètè dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sì mọ̀ pé iṣẹ́ ti dúró.

Mo ń fi ara mi rẹ́rìn-ín títí mo fi dé ibùdókọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti wo fọ́tò ìyá mi tó wà lójú fóònù mi. Ó ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n dé ọwọ́ àbúrò kó tó kàn mí, ó sì ń kéré sí i ní gbogbo ibi tó gbà kọjá. Ilà kan gbọọrọ ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lójú ìyá mi. Kò sí nínú fọ́tò náà. Odidi ọdún kan ni mo fi ń wò ó lójoojúmọ́, mi ò sì mọ̀ pé ó ti lọ. Ó dùn mí gan-an.

Mo wọkọ̀ lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Mo ya ìyá mi ní fọ́tò títí ó fi sú wọn.

"Kí ló dé?" wọ́n ní. "Ṣé mo fẹ́ lọ ibì kan ni?"

Mo ní rárá o.

Òpópónà Allen ni ọ́fíìsì tèmi wà báyìí, ẹ̀rọ ló sì ń dín fọ́tò kù fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń bi àwọn oníbàárà léèrè ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù nínú fọ́tò wọn, àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a sì máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Ọ̀kan nínú fọ́tò tí mo ya ìyá mi lọ́jọ́ Sátidé yẹn ṣì wà lórí fóònù mi, mi ò dín in kù rí. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti fayé sílẹ̀ lọ. Fọ́tò náà wúwo, kì í tètè ṣí. Mo máa ń dúró títí ilà wọn á fi yọ.