Yẹtí Wúrà Sáfúrátù

Ọdún mẹ́fà ni Sáfúrátù ti ń ta ọṣẹ ní Ìyànà-Ìbà, òun àti Florence oníbàtà lábẹ́ agboòrùn kan ṣoṣo. Bí Sáfúrátù bá lọ kírun, Florence á bá a tajà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ní 1991, àwọn ọmọkùnrin méjì já yẹtí wúrà tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un mọ́ ọn létí, wọ́n sì sá lọ sápá Òkòkomaikò. Florence ń fi ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń sunkún.

“Pẹ̀lẹ́, Ìyá Wàsíù. Ẹ̀mí ló jù.”

Bó ti sún mọ́ ọn ni Sáfúrátù rí i pé etí Florence ṣófo. Ó wo àwọn obìnrin yòókù tí wọ́n jọ ń tajà. Kò sí yẹtí létí ẹnì kankan.

“Ìgbà wo lo bọ́ tìẹ?”

“Lánàá, nígbà tó o lọ kírun. Kọńdọ́kítọ̀ kan ló wá ta wá lólobó pé wọ́n ń bọ̀. Ó ní bí gbogbo wa bá bọ́ ọ, wọ́n á mọ̀ pé òun ló tú wọn fó.”

“Ẹ wá fi èmi sílẹ̀ fún wọn.”

Sáfúrátù dá ìborùn ẹlẹ́jẹ̀ náà padà fún Florence, ó palẹ̀ ọṣẹ rẹ̀ mọ́, ó sì sọdá títì. Òdìkejì ló ti ń tajà láti ìgbà náà. Bí Florence bá kí i, oníbàárà ló máa ń dá lóhùn.