Orúkọ Tí Wọ́n Fẹ́ Gbà Lọ́wọ́ Màmá Ọláolúwa

"Kí ni ká wá máa pè yín báyìí?"

Alàgbà Ọ̀pádọ̀tun ló bi í, ní pálọ̀ rẹ̀ ní Rantya, àdúgbò kan ní Jos, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Èkìtì ti ń ṣèpàdé. Kò bi í tìjà-tìjà. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi bi í, bíi dókítà tó ń béèrè ibi tó ń dunni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ Màmá Ọláolúwa lára.

Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mìíràn fún un ní Jos. Ọmọge ni nígbà tí ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tí ìjọba gbé wá sí Plateau, mú un dé láti Ìkọ̀lé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó Ọláolúwa, àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, jáde ni orúkọ tí àwọn òbí tirẹ̀ sọ ọ́ ti parẹ́ lẹ́nu ènìyàn. Orúkọ ọmọ náà ni àwọn ará Kabong, àdúgbò tó ń gbé, fi ń pè é, òun náà sì ni àwọn ilé-ìwé tó ń hun súwẹ́tà fún nígbà ọyẹ́ mọ̀. Kódà ọkọ rẹ̀, kó tó kú: "Ìyá Ọlá, omi gbígbóná mi dà?"

Ọláolúwa ti di nọ́ọ̀sì ní Kánádà. Ibẹ̀ ni òun àti ọkùnrin bíi tirẹ̀ kan tó ń jẹ́ Fẹ́rànmí, ọmọ Oǹdó, ti ṣègbéyàwó, nítorí òfin ibẹ̀ gbà á láyè. Ẹnìkan gbé àwòrán wọn sórí Wásáàpù, ilẹ̀ ọjọ́ náà ò tíì ṣú tó fi dé Rantya. Nílé níbí, láti ọdún 2014, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ni òfin kọ sílẹ̀ fún irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Màmá Ọláolúwa kò nílò kí ẹnikẹ́ni là á yé e pé ọmọ òun kò ní í wálé mọ́.

Lọ́sẹ̀ ìpàdé yẹn, wọ́n ti jiyàn ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò, bóyá kí ìjọba dẹ okùn òfin náà tàbí kó tún fà á le. Ibẹ̀ ni ìpàdé náà ti bá iyàn yẹn lọ.

"Iṣẹ́ ìjọba ni kó ṣọ́ ilé," Alàgbà Ọ̀pádọ̀tun ní. "Tí wọ́n bá fọwọ́ sí irú èyí, ta ni yóò bímọ fún wa lọ́la?"

"Haba, Alàgbà," Gafar káfíńtà dá a lóhùn. "Ìjọba tí kò ráyè tún ọ̀nà wa ṣe, yàrá oníyàrá ló ráyè yọjú wò? Èmi ò ní ó dára o. Nínú ẹ̀sìn tèmi, kò dára. Àmọ́ ọdún mẹ́rìnlá? Àwọn tó jí wáyà iná àdúgbò wa ò lò tó ọdún kan."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Màmá Sherifat, ọ̀rẹ́ Màmá Ọláolúwa láti ìgbà pípẹ́, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká ro ti ìyá yìí," ló wí. "Motún, àbúrò ọmọ yẹn, wà nílé ọkọ, ó ti bímọ. Ẹ jẹ́ ká máa pè yín ní Màmá Motún, ẹ̀gbọ́n mi. Ìtìjú la fẹ́ bá yín bò."

Màmá Ọláolúwa rántí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ yìí, tí Abímbọ́lá ọmọ rẹ̀ bá rògbòdìyàn Jos lọ. Kò sẹ́ni tó ṣèpàdé lé e lórí. Ní ọjọ́ kan ṣá, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Màmá Olúkọ́lá, orúkọ ọmọ tó kù, kí ti òkú má baà máa gún un lọ́kàn. Ìgbà tí ọmọ bá kú nìkan ni wọ́n máa ń yí orúkọ ìyá padà.

"Ẹ ń bá mi sin ọmọ," ó ní, "ọmọ ọ̀hún ò sì tíì kú."

"Ẹ fara mọ́ ohun tó ṣe nìyẹn?" Alàgbà béèrè.

"N ò fara mọ́ ọn. Oorun ò kùn mí láti ìgbà tí mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i. Màmá Ọláolúwa ni mò ń jẹ́. Ẹni tí kò bá lè pè é, kó má pè mí."

Gafar nìkan ló sìn ín dé ibi tí yóò ti wọ kẹ̀kẹ́. "Sannu, Màmá Ọláolúwa," ló fi kí i. Láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú àwọn yòókù, "Màmá" lásán ni wọ́n ń pè é.

Nígbà tí Motún gbọ́, ó ròyìn ìpàdé náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ọláolúwa pe ìyá rẹ̀ lórí fídíò. Ó ń sunkún. "Màmá, ẹ ṣé," ó ń wí ṣáá. Lẹ́yìn náà ló yí fóònù sápá kan, kí ìyá rẹ̀ lè rí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ wọn. Fẹ́rànmí ti na gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì, àyà rẹ̀ kanlẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ti í dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àna rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

Màmá Ọláolúwa mọ ohun tó kàn. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ dìde. Àgbà ló jẹ ẹ́ ní "dìde". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó la ẹnu. Ó wo ẹ̀yìn orí ọkùnrin náà, ó rí i pé ó gẹ irun dáadáa, pé ìyá kan ló bí òun náà. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

"Màmá?" Ọláolúwa wí.

Ó rọra da ojú fóònù dé orí máṣíìnì súwẹ́tà. Fẹ́rànmí ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Gbèsè "dìde" yẹn ń bẹ lọ́rùn Màmá Ọláolúwa títí di òní, kò tíì san án.