Bí A Ṣe Ń Dìde Nílẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé Alhaja ní Ìbà Housing Estate, ilẹ̀ pálọ̀ ni mo bá wọn. Wọn ò ṣubú o. Wọ́n jókòó síbẹ̀ láti ṣa ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n àtidìde ti di ogun. Mo sáré ki ọwọ́ bọ̀ wọ́n lábíyá, mo gbé wọn dìde, mo wá dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Inú mi dùn pé mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà dáadáa. Mi ò mọ̀ pé àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ṣáájú ìgbà yẹn, jímù kan ní Okokomaiko ni mo ti ń gbé irin, kí àyà mi lè tóbi, kí ẹ̀wù lè há mi. Nígbà tó yá ni mo kọ́ irú eré ìdárayá tí mo ń kọ́ àwọn èèyàn báyìí, èyí tó ń fún gbogbo ara lágbára fún ohun tí ara ń ṣe lójoojúmọ́: ìlóṣòó, ẹrù gbígbé, àtẹ̀gùn gígùn, dídìde nílẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìyànà-Ìbà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ilé lásán ni mo sọ di eré ìdárayá.

Alhaja ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọkọ wọn ti kú, wọ́n sì ń dá gbé. Wàídì, ọmọ wọn tó wà ní Àbújá, ti ní bí òun bá fi máa dé lóṣù mẹ́ta sí i tí wọn ò lè dá dìde nílẹ̀, òun á kó wọn lọ sọ́dọ̀ òun. Ìdí tí Alhaja fi ní kí n wá máa kọ́ àwọn nìyẹn.

"Kóòṣì, inú ilé yìí lèmi àti bàbá ẹ̀ ti dàgbà," wọ́n sọ fún mi. "Kí ni mo fẹ́ máa wò l'Ábújá? Ògiri?"

A bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni mo máa ń dé. Atẹ́gùn ọ̀sà á máa fẹ́ bọ̀ láti ìhà ìlú Ọjọ́, ìmọ́lẹ̀ á máa rọra wọlé, gbogbo àdúgbò á pa lọ́lọ́ bíi pé oorun ò tíì dá lójú ẹ̀. Alhaja á lóṣòó, wọ́n á gbé garawa omi láti ẹnu ọ̀nà dé kíṣìnì. Mo fẹ́ràn àwọn àárọ̀ yẹn gan-an. Nígbà mìíràn, ó máa ń ṣe mí bíi pé ojú àlá ni mo wà.

Ṣùgbọ́n oṣù méjì kọjá, wọn ò lè dá dìde síbẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni wọ́n dúró, tí wọ́n ń wò mí.

"Ta ló gbé garawa yìí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Irọ́ ni. Wo ọwọ́ ẹ."

Lóòótọ́, ọwọ́ mi wà lára garawa. Gbogbo ẹrù tí wọ́n ń gbé ni mo ti ń bá wọn gbé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fẹ́ dìde ni mo ti ń fà wọ́n sókè. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn: ọmọ tó bá ń wo àgbà níran pẹ̀lú ẹrù, àbíìkọ́ ni. Ọmọlúàbí tí mò ń ṣe ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wọn lágbára. Ojú tì mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ká ọwọ́ mi sẹ́yìn. Kò rọrùn. Obìnrin aládùúgbò kan rí Alhaja pẹ̀lú garawa, tí mò ń tẹ̀lé wọn lọ́wọ́ òfo.

"O ò tiẹ̀ tijú! Ìyá àgbà ń pọnmi, ìwọ ń gbafẹ́!"

"Fi í sílẹ̀," Alhaja dá a lóhùn. "Iṣẹ́ tí mo bẹ̀ ẹ́ ló ń ṣe."

Ọ̀sán Sátidé kan ni Wàídì dé. Ó tẹ́ ẹní sáàárín pálọ̀, ó ní, "Ẹ jókòó, mà. Ẹ jẹ́ ká rí i."

Alhaja jókòó. Wọ́n yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fọwọ́ tẹlẹ̀, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Orúnkún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wàídì na ọwọ́. Mo di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Ẹ̀rù bà mí. Oòrùn wà lórí ẹní, eruku ń léfòó nínú ẹ̀, àfi bíi pé àkókò dúró. Alhaja gbé ìdí kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n nàró.

Omi ti lé sí Wàídì lójú.

"Jókòó, ọmọ mi," ìyá ẹ̀ sọ. "Ọ̀nà jìn. Jẹ́ kí n lọ bu omi wá fún ẹ."

Ó fẹ́ dìde lọ bù ú fúnra ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ léjìká, ó padà jókòó. Àwa méjèèjì jọ ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń lọ sí kíṣìnì, tí wọn ò kánjú.