Ẹsẹ̀ bàtà kan ní láíbìrì Bàbá Ìbùkún

Bàbá Ìbùkún, ọkọ mi, ẹ gbọ́ o! Láíbìrì yín ti ṣí padà lónìí!

Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, mi ò lè wọ yàrá irinṣẹ́ yín. Ìgbà tí mo wọ ibẹ̀ láàárọ̀ yìí, bárò kò sí, àkàbà kò sí. Sílípáàsì ẹlẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló kún orí pákó. Mo gbà pé olè ti palẹ̀ irinṣẹ́ yín mọ́. Mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn bàtà náà dànù.

Ni ọ̀kadà bá dúró. Obìnrin kan láti Erio sọ̀kalẹ̀, ó gbé ṣọ́bìrì yín dání.

"Ẹ kú ulé, Màmá. Mo wá gba bàtà mi."

"Bàtà wo?"

"Aláwọ̀ búlúù. Bàbá kì í yá wa ní nǹkan láìgba ẹsẹ̀ bàtà kan. Wọ́n ní ẹni tó ń wọ bàtà kan ṣoṣo rìn kò ní gbàgbé láti dá nǹkan padà!"

Ẹ̀rín pa mí, omi sì dà lójú mi. Èmi tí mo máa ń bi yín pé, "Láíbìrì tí kò níwèé?" Ẹ ó ní, "Wọ́n ń yá a, wọ́n ń dá a padà. Kí ló tún kù?"

Mo ti fún un ní bàtà rẹ̀, mo sì ti to àwọn yòókù padà sórí pákó.

Ẹ̀yin ará Àrámọkọ, ta ni àkàbà wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ kọ àwọ̀ bàtà yín sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí!