Orest Bá Wa Ṣa Òkúta

Inú ń bí mi títí di òní, mi ò sì ní fi bò.

Ọdún mọ́kànlélógún ni bàbá mi àgbà, Ambrose Okemow, fi mú àlejò gun òkè ẹ̀yìn ilé wa ní Saskatchewan, ní Kánádà. Koríko àti afẹ́fẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀, àti òkúta tí àwa Kríì, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, fi ń tẹ etí àgọ́ awọ ẹfọ̀n mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n kó àgọ́ lọ, òkúta tó yí wọn ká ṣẹ́ kù ní róbótó róbótó, ojú àgọ́ mẹ́rìnlá. Nínú èyí tó kéré jù ni wọ́n bí ìyá ìyá Baba sí. Baba kì í sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò láìkọ́kọ́ fi tábà sílẹ̀ níbẹ̀ láti bọlá fún àwọn tó ti lọ.

Orest Hnatiuk, aládùúgbò wa, àgbẹ̀ àlìkámà ni. Bí yìnyín bá ti yọ́, àwọn àgbẹ̀ a máa ṣa òkúta oko jọ sígun kan. Ẹni tí òkúta bá kún oko rẹ̀, ọ̀lẹ ni. Ló bá gbé ẹ̀rọ ìkó-òkúta rẹ̀ gun òkè wa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣa gbogbo òkúta ibẹ̀, ó dà á jọ sí òkìtì kan nísàlẹ̀.

“Ambrose, wo òkè ẹ bó ṣe mọ́! Òkúta ò ní gbé àlejò ṣubú mọ́.”

“Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?”

“Ṣé o ti darúgbó ni, mo ní kí n bá ẹ ṣe é. O ò tiẹ̀ dúpẹ́!”

“Ilé lo wó yẹn, Orest! Ogójì ọdún tá a ti jọ ń mu kọfí, tí mò ń sọ̀rọ̀ òkè yìí, etí ẹ dà?”

“Mo rò pé koríko ni wọ́n ń wá wò. Òkúta lásán…”

“Lásán? Kí n lọ ṣa ti orí sàréè ìyá ẹ náà?”

Orest ṣí fìlà. “Má bínú. Màá fi okùn wọ̀n ọ́n, màá tò ó padà. Á tiẹ̀ rí róbótó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.”

“Ju ti tẹ́lẹ̀!” Baba gbé ọwọ́ sókè láti gbá a, èmi ni mo dì í lọ́wọ́ mú. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá fi í sílẹ̀.

Ní Sátidé, bọ́ọ̀sì àlejò dé. Baba ò gun òkè. Ó kó wọn lọ sídìí òkìtì òkúta, ó fi tábà síbẹ̀, ó sì pe Orest láti inú oko rẹ̀.

“Èmi ò mọ ìtàn eléyìí. Ìwọ lo ṣe é. Sọ fún wọn.”

Orest la ẹnu, ẹkún ló gbà á. Àwọn àlejò ń bá a kẹ́dùn. Èmi ò bá a kẹ́dùn o. Ó sunkún títí bọ́ọ̀sì fi lọ, òkúta kan ò padà sí àyè rẹ̀.